Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n sún ẹjọ́ wa síwájú.
Lẹ́ẹ̀kan, adájọ́ rìnrìn àjò.
Lẹ́ẹ̀kan, iná lọ, akọ̀wé ní òun ò ríran kọ̀wé.
Lẹ́ẹ̀kan, lọ́yà Sìdíkátù gbàgbé fáìlì sí Ìjẹ̀bú-Òde.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, èmi ni mi ò lọ.
Mo jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tí mò ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe,
mo ń nu púlọ́ọ̀gì kan náà títí oòrùn fi wọ̀.

Obìnrin ìjọba kan ti kọ́kọ́ wá sílé mi ní Pápá.
Ó ṣí ìkòkò wò, ó wo kànga bóyá ó ní ìdérí,
ó ka ibùsùn: ẹyọ kan.
"Níbo lọmọ ń sùn?"
Mo ní, "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n lè gbọ́ tó bá wúkọ́."
Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Bírò rẹ̀ kéré,
ohun tó ń kọ ni ò kéré.

Nínú kóòtù, ọmọ mi ò jẹ́ Mọ́sùnmọ́lá mọ́.
"Ọmọ náà" ni wọ́n ń pè é.
Ta ni yóò máa tọ́ ọmọ náà?
Ta ni yóò máa sanwó ilé ìwé ọmọ náà?
Lọ́yà mi, tó ti gba odidi owó ẹ́ńjìnnì kan lọ́wọ́ mi,
dìde, ó ní baba ló ni ọmọ.
Adájọ́ yọ gíláàsì ojú rẹ̀.
"Ọmọ kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí tí ẹ fẹ́ ri píla sí.
Ibi tó ti máa dára fún un ni mò ń wá,
mi ò wá ẹni tó ni ín."
Mo bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn fún oṣù méjì gbáko.

Wọ́n mú un wọ yàrá kékeré kan,
wọ́n fún un ní bísíkíìtì, wọ́n bi í léèrè.
Ọmọ ọdún méje.
Títí di òní mi ò tíì bi í pé kí ló sọ.
Mo ti lanu nígbà mìíràn,
mo sì fi àkàrà dí i.

Ilé ìyá rẹ̀ ni kó máa gbé.
Èmi, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ Àìkú,
ọ̀sẹ̀ kan ni tèmi, ọ̀sẹ̀ kejì kì í ṣe tèmi.
Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà lóṣooṣù.
Iléyá ọdún yìí, tèmi; tọdún tó ń bọ̀, tìyá.
Mo bi akọ̀wé: "Tí ibà bá mú un lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?"
Ó ní ìyẹn ò sí nínú ìwé.

Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ oníyìnyín, létí omi, la ti ń pàdé.
Ìyá rẹ̀ á dúró lókè, èmi á dúró nísàlẹ̀,
ọmọ á rin àárín wa: ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún.
Mo ti kà á.
A kì í kíra wa. Àwọn àgbà kúkú ti wí i,
a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, nínú òjò Agẹmọ, fóònù dún.
"Bàtà ilé ìwé ọmọ. Ti ẹsẹ̀ òsì. Ṣé ó wà lọ́dọ̀ rẹ?"
Kò kí mi. Èmi náà ò kí i.
Inú ọkọ̀ ni mo ti rí i,
omi òjò àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kún inú rẹ̀.
Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
mo yan án lórí sítóòfù bí ẹni yan ẹja,
mo gun ọ̀kadà lọ sí Ayétòrò.

Ó ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀ mo rí ọmọ tó ti sùn,
ẹsẹ̀ kan yọ lábẹ́ aṣọ.
Sìdíkátù gbé bàtà sí imú.
"Bó o ṣe máa ń rùn gan-an nìyí."
Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa wá. Kò pa wá.

A ò ṣọ̀rẹ́ o. Ẹ má sọ pé mo wí bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó jẹ́ tèmi lẹ́yìn ìyẹn,
ó mú ọmọ lọ́wọ́, ó bá a sọ̀kalẹ̀ díẹ̀.
Ìṣísẹ̀ mẹ́ta.
Ó ku mọ́kànlélógún.